Èjìká Mi Ti Gba Mẹ́sàn-án Nínú Mẹ́wàá

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń jágbe mọ́ ọ ti jẹ́ kí o mí díẹ̀? Kí Olúwa má jẹ́ kí ọ̀nà tí ò ń tọ̀ lójoojúmọ́ já ọ kulẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ, kí òrùlé tó wà lórí rẹ má jò. Bí o bá bèèrè wa, a wà. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí o máa jẹun àárọ̀. Adìẹ funfun pamọ mẹ́jọ, ológbò ti gbé ọ̀kan. Èmi náà wà, àmọ́ mi ò rójú jókòó. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí mo ti dìde ẹ̀ẹ̀mẹta, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo padà, mi ò sì rántí ohun tí mo lọ wò. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Èmi ni adìẹ, èmi náà ni okùn.

O mọ̀ pé ó tó oṣù márùn-ún tí èjìká ọ̀tún mi ti gan. Mo kọ́kọ́ rò pé mo sùn lé e ni. Kì í ṣe oorun. Ọwọ́ ò gòkè, ọwọ́ ò lọ sẹ́yìn, ìyá rẹ ló ń bá mi wọ ẹ̀wù bí ẹni ń múra fún ọmọ jẹ́léósinmi. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrèǹgbè; tèmi ò tó pẹpẹ, kò sì wọ kèrèǹgbè. Èyí tó wá dùn mí jù ni agogo ilé ìwé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń lù ú, o sì mọ̀ pé okùn rẹ̀ ò gùn, àfi kéèyàn nawọ́ sókè dáadáa kó tó fà á. Mo fi ọwọ́ òsì gbìyànjú, ó ń dún bí ẹni ń tọrọ gáfárà, àwọn ọmọ ń pẹ́ dé. Ọ̀gá ilé ìwé wá pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní àwọn ti rí agogo kan tó ń fi iná mànàmáná dún fúnra rẹ̀, pé bí èjìká mi ò bá tíì dá kí ìsinmi yìí tó parí, àwọn á rà á, kí n lọ sinmi nílé. Kí n sinmi, kí n máa ṣe kí ni? Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ẹni tí ilé ìwé ò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, kò ní pẹ́ tí wọ́n á gbàgbé pé ó wà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti lọ sí ilé ìwòsàn tí o ní kí n lọ. Wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tó sún mọ́ mi jù lọ. Mo kọ orúkọ aṣebàtà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, torí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín bẹ́ẹ̀dì tèmi àti tirẹ̀, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun. Wọ́n ní rárá, ọmọ mi ni àwọn ń wí. Mo ní ọmọ mi jìnnà, odindi ọjọ́ kan ni ọkọ̀ fi ń rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣáà kọ ọ́. Mo kọ ọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní fisiotẹ́rápì ni dókítà tó gbà mí ń ṣe, ọmọbìnrin kékeré kan ni. Bẹ́ẹ̀dì gíga kan wà nínú yàrá rẹ̀, bọ́ọ̀lù ńlá kan wà níbẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò gbá, àkàbà onígi kan sì lẹ̀ mọ́ ògiri tí kò dé ibì kankan. Kò gún mi lábẹ́rẹ́. Ó fi aṣọ tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná bo èjìká mi, ó di apá mi mú bí ẹni fẹ́ kí mi káàbọ̀, ó wá ń gbé e díẹ̀díẹ̀, ó ń wí pé ẹ rọra, Bàbá, ẹ rọra. Ẹ-Rọra ni mo wá ń pè é. Ó ní kí n máa tẹ̀ síwájú, kí n jẹ́ kí apá mi máa fì bí irin inú agogo. Mo ní ìyẹn ò lè ṣòro fún mi. Ó ní kí n máa fi ìka gun ògiri, kí n so okùn kọ́ orí ilẹ̀kùn, kí ọwọ́ òsì máa fa ọwọ́ ọ̀tún lọ sókè. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún. Ìyá rẹ ò rọ́nà gbà lọ sí ilé ìdáná mọ́. Wọ́n sì fi ọkùnrin kan sínú fóònù tí o rà fún mi, tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ kí n lè máa wò ó. Mo ń kí i kú iṣẹ́ láràárọ̀, kò dáhùn, àmọ́ mi ò rí i kó sinmi rí. Òun ló jẹ́ kí n fi ìwé yìí rán awakọ̀ tó ń kó pákó lọ sọ́hùn-ún sí ọ, torí mi ò fẹ́ fi fóònù pè ọ́ kí n má baà dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Mo tún dìde lọ síbi okùn. Mo ti dé.

Ọ̀rọ̀ máàkì ni mo fẹ́ sọ. Nígbàkúùgbà tí mo bá lọ, Ẹ-Rọra máa ń bi mí pé láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni mo máa fún èjìká náà. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ yá, èmi sì ń wo àkàbà tí kò dé ibì kankan yẹn. Kò ṣòro láti mọ̀ ṣáá. Wọ́n ya ojú mélòó kan sórí ìwé: èyí tó wà nídìí òdo ń rẹ́rìn-ín, torí ọ̀lẹ tó gba òdo kì í tijú, èyí tó wà nídìí mẹ́wàá ń sunkún ayọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo fún ara mi ní méjì, torí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni mí. Ó rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé ó káàánú mi. Lọ́sẹ̀ kejì mo sọ pé mẹ́rin, ó fajú ro. Mo dé méje, ó mú rúlà kan tí wọ́n so pọ̀ ní ìdí, ó fi wọn apá mi, ó ní apá ń gòkè, kí ló wá dé tí nọ́ńbà náà ń gòkè. Mo ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá mo pe mẹ́sàn-án. Ó ní ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Mo ní èmi kì í purọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní Bàbá, ẹ kú ìfaradà, ẹ nígboyà gan-an, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Ohun tí kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀ nìyẹn. Ìyá rẹ ní ta ló rí tíṣà tójú rẹ̀ ń fà ro nígbà tí ọmọ ń gbégbá orókè. Mo ní bóyá ó ń ronú pé mo fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ òun ni. Torí wọ́n ti gbé mi lọ síwájú, ọmọ mi! Ó ti kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ńlá, ó ní bí mo bá tún pe mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ní Ọjọ́bọ̀ yìí, ọkọ̀ wọn á gbé mi lọ lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n á fún mi ní bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fún mi ní oògùn kí n sùn wọra, àwọn àgbà dókítà á wá dúró yí mi ká, wọ́n á sì yí apá mi fúnra wọn. Wọn ò ní kí n fi nǹkan kan sẹ́nu láti ìdájí. Ìyẹn yé mi, ta ló ń fi ikùn kíkún lọ síbi àsè? Ìyá rẹ ò tíì yéé kùn sí mi létí láti ọjọ́ náà. Ó ní kí n bèèrè dáadáa. Mo ní ẹni tó bá gba mẹ́sàn-án kì í padà lọ bi tíṣà pé kí ló dé.

Ó ku èyí tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mi ò rí oorun sùn, ilẹ̀ mọ́, mo bọ́ síta, ẹsẹ̀ mi gbé mi dé ilé ìwé. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo nawọ́ ọ̀tún, mo ń retí kó já mi kulẹ̀, àmọ́ ó ń lọ, ó ń lọ, ó di okùn mú. Mo fà á! Kò dùn mí ju kí èèrà géni jẹ. Ọmọ mi, mo lu agogo náà títí gbogbo àdúgbò fi jáde, wọ́n rò pé iná ló ń jó, ọ̀gá ilé ìwé jáde tòun ti tówẹ̀lì lọ́rùn. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo agogo, ó ní àwọn ò ní ra ti iná mànàmáná mọ́. Ìyá rẹ bú sẹ́kún níwájú gbogbo èèyàn. Mo ní ṣé o rí i, ojú tó wà nídìí mẹ́wàá gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, bí Ẹ-Rọra bá bi mí ní Ọjọ́bọ̀, mẹ́wàá ni mo máa pè. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ẹ̀wù tó bójú mu, torí mi ò lè wọ èyí tó já ní abíyá lọ bá àwọn àgbà dókítà. Wọ́n tún ní ọmọ mi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kan kí wọ́n tó fún mi ní oògùn oorun náà. Ayé ti yí, àwa òbí là ń fọwọ́ sí káàdì èsì tẹ́lẹ̀.

Kí Elédùmarè gbé ọwọ́ rẹ sókè, kó má jẹ́ kí apá rẹ rọ, kí o má nawọ́ sóhun rere kí ọwọ́ rẹ má tó o. Àmọ́ bó o bá lè wá fúnra rẹ, má rán owó náà. Ọjọ́ tí o gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá nínú ìṣirò, mo fi agogo sílẹ̀, mo wá dúró lójú fèrèsé kíláàsì rẹ, odindi ilé ìwé ò jáde fún ìsinmi ní wákàtí kan gbáko torí kò sẹ́ni tó lù ú. Mi ò jẹ́ kí o dá gba tìrẹ. Wá kí Ọjọ́bọ̀ tó pé.

Èmi ni bàbá rẹ, tó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ ọ́.