Janelle Ní Kí N Jókòó Lé Ọwọ́ Mi

Lorna, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Omaha níbẹ̀? Ṣé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì yẹn kò gba gbogbo agbára rẹ? Ọlọ́run tó mú ọ la òtútù ọdún yìí já kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Àwa náà wà, bàbá rẹ ń kí ọ, màlúù dúdú ti bí ìbejì, àgbàdo sì ti ń yọ. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù tó ń fi ojú hàn yẹn torí mi ò tíì gbá ilé ìdáná, mi ò sì fẹ́ kí gbogbo Omaha máa wo ilẹ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ Maren ọmọ rẹ ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. O mọ̀ pé nígbà tí o gbé e wá sọ́dọ̀ wa, ọmọ ọdún mẹ́rin yìí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan, kì í sì í bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹkún ló máa ń sun. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má purọ́. Janelle, obìnrin tí wọ́n ní kó máa kọ́ Maren bí wọ́n ṣe ń bèèrè nǹkan, ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, pé kí n kọ ohun tó ń múnú ẹni dùn jù lọ. Mo kọ kọfí gbígbóná, àti kí aládùúgbò má yà sílé mi. Ó ní ti Maren lòun ń bèèrè. Mo ní kó jẹ́ kí tèmi náà wà níbẹ̀.

Ó tún ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tẹ̀, irú èyí tí bàbá rẹ fi ń ka màlúù. Mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ló ń kà, ni mo bá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mi ò bá bàbá rẹ jà rárá, títí tó fi bi mí bóyá ara mi ò yá. Àṣé iye ìgbà tí Maren na ọwọ́ sí nǹkan ló ń kà.

Ẹ̀sùn tí Janelle wá fi kàn mí ni pé ọwọ́ mi yá jù. Ó ní kí òùngbẹ tó gbẹ ọmọ, wàrà mi ti dé ẹnu rẹ̀, kí ló wá fẹ́ bèèrè? Inú bí mi. Ṣé ọmọ-ọmọ mi ni yóò máa tọrọ nínú ilé mi? Ṣùgbọ́n sùúrù ni baba ìwà. Ó lẹ àwòrán wàrà, páńkéèkì àti ajá mọ́ ara fíríìjì, ó ní èyí tí Maren bá fi lé mi lọ́wọ́ ni kí n fún un, lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá mú nǹkan kan wá, kí n jókòó lé ọwọ́ mi. Mo sì jókòó lé e. Bàbá rẹ ní ọdún mọ́kànlélógójì lòun ti ń wá ohun tó lè mú ọwọ́ yẹn dúró.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, Maren fi àwòrán wàrà lé mi lọ́wọ́. Mo sunkún sínú wàrà náà. Láti ìgbà yẹn ajá wa ò ráyè sùn mọ́.

Lánàá, ó kọjá gbogbo àwòrán wọ̀nyẹn, ó yọ fọ́tò rẹ lára ògiri, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì dúró. Mo fún un ní wàrà, ó tì í padà. Mo fún un ní páńkéèkì, ó tún ká ìka mi mọ́ fọ́tò náà. Kò sunkún. Ó bèèrè bó ṣe yẹ.

Lorna, mi ò tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ. Bọ́ọ̀sì ń kúrò ní Omaha láràárọ̀. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, o kò ní fi ẹsẹ̀ gbún òkúta. Máa bọ̀, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ní ká máa fún un.

Èmi ìyá rẹ,
Verna