Béèsì Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ẹ kú ilé o, Bàbá. Màmá, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín nínú yàrá mi ní òkè òkun níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ rẹ̀ tutù ju omi kànga lọ. Mo kí Àǹtí Fúnmi, ẹ̀gbọ́n mi, àti ọkọ wọn ní Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́. Mo kí ọ̀gá kwáyà àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oǹdó. Ẹ má bínú pé mo sọ lẹ́tà tó yẹ kó jẹ́ ti bàbá mi di ti gbogbo yín. Ó nídìí.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ fóònù tèmi tiyín ti yí padà, Bàbá. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, mo bi yín pé kí lẹ jẹ lálẹ́, ẹ ní àmín. Mo ní ṣé òjò ṣì ń rọ̀, ẹ ní kí Olúwa ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn yìí, ẹ kì í gbé e sílẹ̀ láìkà á dé orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà ibẹ̀ ni mo gbà wá bá yín.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ilé ìkẹ́rùsí yẹn náà ni mo ṣì wà, bàtà ni mò ń dì sínú páálí láti àárọ̀. Òtútù ti dé, ilẹ̀ sì ti ń ṣú nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ń darí lọ sílé. Owó tí mo fi ránṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe, ẹ má tún fi dáwó fún ẹnikẹ́ni. Ìdánìkanwà ló ń yọ mí lẹ́nu jù. Mo lè wà láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Ajé kí n má gbọ́ ẹnì kan tó pe orúkọ mi bó ṣe yẹ.

Màmá ló sọ fún mi pé láti ìgbà ìkórè ni aṣọ ti wà lórí béèsì ńlá yín, ohun èlò olókùn tí ẹ máa ń dúró ta nínú kwáyà. Wọ́n ní ọ̀gá kwáyà wá sílé, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ pé kí ẹ sinmi díẹ̀, pé àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì ga. Èmi náà gbà pé ìwúwo ni. Ta ni kò mọ̀ bí béèsì yẹn ṣe tóbi tó? Nígbà tí ẹ gbé e láti Àkúrẹ́ wá sí Oǹdó, ẹ sọ fún wa pé awakọ̀ gba owó ìjókòó rẹ̀, ẹ sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kó lè rí ojú ọ̀nà. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá èyí tó fúyẹ́ nìyẹn.

Mo rí ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò orin àlòkù. Òun náà, ìdúró lèèyàn ti ń ta á, okùn mẹ́rin náà ló ní, ṣùgbọ́n iná ló ń lò. Kò níkùn rárá. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé odó lọ tí wọ́n fi ọmọ odó sílẹ̀. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ní kí n ta á títí tó fi máa tẹ́ mi lọ́rùn. Òótọ́ ibẹ̀ ni mo máa sọ: ohun olówó pọ́ọ́kú ni. Okùn rẹ̀ ti kú, ibi tí wọ́n ti ń lọ́ okùn ń yọ̀, ẹsẹ̀ irin tó fi dúró sì ń mì. Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ tọ́, gbogbo ibi tí ẹ kọ́ mi pé kí ìka máa bọ́ sí ni ìka mi bọ́ sí. Wọ́n fi wáyà so ó mọ́ ampilifáyà, àpótí agbóhùnsókè tó wà lódìkejì yàrá, ohùn ńlá sì jáde níbẹ̀. Inú mi dùn, mo rà á, mo sì pe Màmá láti sọ fún wọn pé mò ń fi ránṣẹ́ bọ̀.

Màmá ní, "Akin, ta ló sọ fún ẹ pé ó wúwo? Etí ni. Bàbá ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń ta mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, Bàbá. Ó dùn mí pé mo ti ń fi àmín yín rẹ́rìn-ín. Mo wo igi tí mo rà, mo rí i pé kò wúlò. Ẹni tí etí rẹ̀ ń di, mo fẹ́ gba béèsì tó fẹ̀yìn ti àyà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí n fún un ní èyí tí ohùn rẹ̀ ń ti inú àpótí jáde lọ́ọ̀ọ́kán. Mo gbé e ti ògiri, n kò sì fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ mélòó kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan ni mo tún gbé e. Tọkọtaya tó wà nísàlẹ̀ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, n kò lè lo ampilifáyà. Láìsí iná, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Ó ti rẹ̀ mí, mo bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ọrùn rẹ̀. Bí eegun àgbọ̀n mi ṣe kan igi yẹn ni ohùn wọ inú orí mi, ó nípọn, ó sì pé. Mo gbé orí kúrò, kò sí mọ́. Mo dá a padà, ó dé. Mo wá fi òwú di etí méjèèjì, mo fi gèlè òtútù wé e mọ́lẹ̀, débi pé omi hó lórí iná n kò gbọ́. Mo ta orin ìkórè tí ẹ kọ́kọ́ kọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tí ìka mi ti ṣì í, lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀.

Ohun tí mo ń wá lọ sí Sókótó, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ yín ló wà. Tiyín tún níkùn, igi gidi sì ni.

N kò sọ pé oògùn ni èyí o. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí Àǹtí Fúnmi mú yín lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́, kí dókítà wo etí náà. Ẹ má sì bá Màmá jà. Ẹ máa ń sọ fún wa pé bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Tiwa ti gbọ́, ó sì ti bàjẹ́ díẹ̀. Ní ti ìtìjú, gbogbo kwáyà ló ti mọ̀, Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ rò pé wọn ò mọ̀. Ọ̀gá kwáyà sọ fún Màmá pé òun kò fẹ́ kí ẹ lọ, òun kàn ò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ etí náà fún yín ni.

Èyí tí mo rà, n kò ní fi ránṣẹ́ mọ́. Mo ti pààrọ̀ okùn rẹ̀, mo sì ti ki páálí bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tó ń mì. Èmi náà nílò ohun tí màá máa bá sọ̀rọ̀ níbí.

Bí ẹ bá ka ìwé yìí tán, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ ká aṣọ kúrò lórí béèsì náà, ẹ fi àgbọ̀n ti ọrùn rẹ̀, kí ẹ ta okùn tó nípọn jù.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí ará ilé, kí ẹ kí ará àdúgbò. Màmá, ẹ pè mí nígbà tí Bàbá bá ń ta á. Ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀, fóònù ni kí ẹ gbé sún mọ́ igi náà. Èmi á ti gbé tèmi dúró, màá sì dá wọn lóhùn.

Èmi ni ọmọ yín,
Akin