Mo Kí Ẹni Tó Ru Omi Òrìṣà

Bàbá mi, onífọ́tò mi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí rèé, bí mo ṣe rí wọn tẹ̀lé ara wọn: ìrì lórí ìjókòó ọ̀kadà tó gbé mi láti Èjìgbò dé Isundunrin, ewúrẹ́ funfun kan tó sùn sójú ọ̀nà odò, ipa ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú ihò kékeré tí ọ̀pá dá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, aṣọ àlà tó ń bọ̀ láàárín igbó, kí n tó rí ẹni tó wọ̀ ọ́, igbá omi, ojú Ìyá Ẹfúnwùmí lábẹ́ igbá náà. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ tó tutù.

Ẹ mọ ìyá náà dáadáa. Ẹ̀yin lẹ ya ìkòkò òrìṣà wọn, ẹ ya ẹfun wọn, ẹ ya ọwọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń gún iyán òrìṣà Ògìyán. Nínú ìwé tí ẹ máa ń kọ orúkọ fọ́tò sí, lójú ewé Isundunrin, ohun kan ṣoṣo ló kù tí ẹ kò fàmì sí: omi àárọ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, kò tíì. Gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà ni wọ́n ń lọ pọn omi náà kí oòrùn tó yọ. Wọn kì í fọhùn bí wọ́n bá rù ú, ẹnikẹ́ni kì í sì í bá wọn fọhùn. Bí ẹnì kan bá fọhùn sí wọn, omi náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n á dà á nù, wọ́n á padà sódò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Àkọ́bí wọn, Bùọ̀dá Sámúẹ́lì, ti dé láti Abidjan láti wá mú wọn lọ, torí ojú wọn ń ṣú, orúnkún wọn kò sì gbé wọn mọ́. Kò sí ọmọ tàbí ìyàwó ilé kan tó fẹ́ gba igbá náà lọ́wọ́ wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wọn ń lọ. Òní ni ìkẹyìn. Bàbá, ohun tí ẹ fi ogún ọdún dúró dè, èmi ni wọ́n gbé e fún.

Bùọ̀dá Sámúẹ́lì jókòó sórí ẹrù níta nígbà tí mo dé.

"Onífọ́tò, bí o bá ya omi tán, ya èmi náà. Èmi ni mo lẹ́wà jù nínú ilé yìí." Ó wá fi ìka kan ètè. "Ṣùgbọ́n pa ẹnu rẹ mọ́ o. Màmá mi kì í fi omi wọn ṣeré."

Mo mi orí. Mo ti mọ̀.

Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń gbọn ààjà, agogo òrìṣà wọn, bọ̀ láti odò kí aráyé lè gbọ́, kí wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Ọ̀pá ló wà lọ́wọ́ náà báyìí, wọn ò lè mú méjèèjì. Mo dúró lẹ́bàá igi ọ̀dán, kámẹ́rà tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi wà lọ́rùn mi. Ìmọ́lẹ̀ dára. Wọ́n yọ sí mi. Kí n tó mọ̀, orúnkún mi méjèèjì ti kanlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Bàbá, mi ò mọ ìgbà tó jáde. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń pa ẹ́ńjìnnì alùpùpù yín kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà onílé? Ẹ ó ká fìlà sápò, ẹ ó dọ̀bálẹ̀, kódà nínú ẹrẹ̀, kí ẹ tó ṣí ìdérí kámẹ́rà. Ní ìlú Ara, lọ́jọ́ tí mo sáré ya ìyá kan tó ń hun ẹní, ẹ fà mí létí: "Ẹni tó gbé kámẹ́rà sójú kó tó kí ènìyàn, olè ni." Mo ṣì kéré nígbà náà. Mi ò tíì jalè láti ọjọ́ náà wá.

Ìyá dúró. Wọ́n wò mí, omi ń mì nínú igbá. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n dà á sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń bu omi ìfọwọ́ fún àlejò.

"Ọmọ Onífọ́tò," ni wọ́n wí, "ẹ̀kọ́ ilé rẹ ti pọ̀ jù."

"Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ pọn ọ́n, mà."

"Ta ló gbé igbá lé ọ lọ́wọ́? Dìde, ẹrẹ̀ ń ba aṣọ rẹ jẹ́."

Wọ́n yí padà sódò. Ìgbésẹ̀ mọ́kànlá, mo kà á. Ní ìkejìlá, orúnkún wọn kọ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà. A jọ ń wo ibi tí ojú ọ̀run ti ń pọ́n. Oòrùn yọ.

Bùọ̀dá Sámúẹ́lì ló wá bá wa níbẹ̀. Ó wo igbá, ó wò mí, kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó pọn ìyá rẹ̀ bí ọmọ.

"Màmá, sẹ fíní," ó fi Faransé Abidjan sọ ọ́. "Ó ti tán. Mọ́tò ń dúró."

"Mo gbọ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dojú ìkòkò dé."

Wọ́n dojú rẹ̀ dé. Kò sí omi tuntun tí wọ́n fi dágbére fún òrìṣà wọn. Aago mẹ́sàn-án ni mọ́tò gbéra.

Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà nínú kámẹ́rà: ilẹ̀ tó tutù. Mi ò rántí ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ á rò pé òjò ló rọ̀.

Ṣé wọ́n ti gbà kí ẹ ya omi náà rí, tí ẹ sì kọ̀, torí ẹ mọ̀ pé ẹnu yín kò ní lè dákẹ́? Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi pé ẹnì kan wà tí a kì í kí? Mo fi pẹ́ńsùlù fa ìlà lórí "kò tíì" inú ìwé yín. Mi ò rí ohun tí mo lè kọ rọ́pò rẹ̀. Kámẹ́rà ti wà nínú àpótí. Isundunrin wà níbẹ̀, Ara wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló kù tí mo fẹ́ lọ kí?

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹ kọ́, tó sì gbọ́.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo tó dùbúlẹ̀, ẹrẹ̀ àárọ̀ ṣì wà lórúnkún mi.