Ajá Wa Ṣì Ń Wá Ọmọ Rẹ̀

Olóòtú ètò orí rédíò ọ̀wọ́n, mo kí yín. Èmi ni ọ̀gá àgbà pátápátá fún gbogbo dókítà ẹranko. Mo pàṣẹ kí bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe gbé ajá rẹ̀ wá, ká ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kó má bímọ mọ́.

Lánàá, bàbá náà tún kó àwọn ọmọ ajá sínú àpò, ó lọ dà wọ́n nù. Ó ní, "Ta ni yóò bọ́ wọn?" Ìyá wọn ń gbóòórùn àpò òfìfo tó mú bọ̀, omi ọmú ń kán lára rẹ̀.

Olóòtú, ẹ má bínú. Bàbá tí mo sọ yìí, bàbá mi ni wọ́n. Èmi ọmọ wọn tó máa ń sín yín jẹ nílé ló kọ̀wé yìí. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní ẹnu mi ti jù mí lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbọ́ tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ náà, kí ajá wa tó tún lóyún.