Kọ́kọ́rọ́ Géètì Olójú-mẹ́rin

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Keje 2024

Ráútà, ẹ̀rọ Wáìfáì tí Ajíbádé ọmọ wa ọkùnrin rà fún wa, dé lónìí. Ọmọ náà wà ní Jọ́ọ̀sì, ó fẹ́ máa rí ojú wa lórí fóònù. Ó ní ohùn nìkan ò tó òun mọ́, ohùn àwa méjèèjì ti ń jọra.

Mo gbé páálí rẹ̀ sórí tábìlì. Baba Pákó dé, ó wò ó, ó ní kí la fẹ́ fi ṣe, ó wọ yàrá lọ. (Ọkọ mi ni Baba Pákó nínú ìwé yìí. Pákó ló ń là ní Atíkòrí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ara òun náà ti di pákó.) Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ lónìí nìyẹn.

Ẹ̀bà ni mo tẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Èmi náà jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Keje

Ajíbádé wà lórí fóònù, ó ń darí mi bí ẹni ń darí mọ́tò tó fẹ́ fẹ̀yìn rìn. Ki síìmù bọ ìdí rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Mọ́mì, yí i padà. Fi iná sí i. Dúró. Iná kékeré mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ pupa, wọ́n wá di àwọ̀ ewé. Mo sọ ọ́ ní Olójú-mẹ́rin.

Ó ní páásìwọ́ọ̀dù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, kí n má fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, olè tó bá mọ̀ ọ́n ti wọlé nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ní. Ọ̀kan ti yàrá inú, fún ẹni tó bá fẹ́ tún nǹkan tò nínú ráútà fúnra rẹ̀. Ọ̀kan ti géètì, òun ni ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lo Wáìfáì máa tẹ̀. Mo fi orúkọ Ìwọ̀pin, ìlú ìyá mi létí omi, àti nọ́ńbà orin kan ṣe ti yàrá. Ti géètì, ó ní kó jẹ́ ohun tí àjèjì ò lè rò kàn, tí èmi náà ò sì ní gbàgbé.

Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́. Mi ò ronú. AweroMiDa.

Mi ò sọ fún Ajíbádé. Mo ní mo ti ṣe é.

Ìwé ò lẹ́nu, jẹ́ kí n kọ ọ́. Àwẹ̀ró ni oríkì Kíkẹ́lọmọ, ọmọ wa obìnrin. Kíkẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, bàbá rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Àwẹ̀ró. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó bọ́ bàtà, á dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Àwẹ̀ró mi dà?" Ibi yòówù kí ọmọ náà wà, nígbà mìíràn nínú balùwẹ̀, á dáhùn: "Mo ń bọ̀, Dádì." Ìrọ̀lẹ́ gbogbo.

Oṣù kẹta ọdún tó kọjá ló kú. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ẹbí ló lọ sin ín. A kì í fi ibojì ọmọ han òbí, wọn ò sì fi hàn wá. Wọ́n ní òfò la ṣe, kí a gbé e kúrò lọ́kàn. Láti ìgbà náà Baba Pákó ò pe orúkọ náà, kò pe oríkì náà. Ó ń wọlé, ó ń jáde bí ayálégbé.

Mi ò sunkún nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kó dùn mí. Mo dúró kó dùn mí, kò dùn mí.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Keje

Ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwàásù lórí sùúrù. Nígbà tí a délé mo bi Baba Pákó bóyá kí n bá a fi Wáìfáì sórí fóònù rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́. Ara tù mí. Ká ló gbà, ǹ bá ní láti pe kọ́kọ́rọ́ géètì náà jáde lẹ́nu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Keje

Baba Pákó ti ní ìwà tuntun. Tó bá dé, ó máa ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó wọ pálọ̀, á máa tẹ fóònù. Kọ̀-kọ̀-kọ̀. Fóònù rẹ̀ a máa dún ní gbogbo lẹ́tà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Kíkẹ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà ayé rẹ̀.

Ta ló ń kọ̀wé sí? Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, kò kọ ìlà kan sí mi rí.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Keje

Kọ̀-kọ̀-kọ̀. Lójoojúmọ́ ni. Tó bá jẹ́ obìnrin ni, kó máa bá a lọ. Mo rò ó bí ẹni ń wo òjò tó ń pa aṣọ aládùúgbò.

Ó ní ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè níbí sí Ìjẹ̀bú-Igbó ò dáa mọ́, pé bóyá kí òun máa sùn sílé bàbá òun ní Òkè-Sopẹ̀n, nítòsí ibi iṣẹ́. Mo ní bó bá ṣe wù ú.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Keje

Lará wá bẹ̀ mí. Òun àti Nimotalahi ló gba yàrá ẹ̀yìnkùlé, yunifásítì ni àwọn méjèèjì. Ó ní iṣẹ́ àṣekágbá òun fẹ́ pẹ́ jù láti fi ránṣẹ́, dátà òun sì ti tán. Mo kọ páásìwọ́ọ̀dù sórí bébà, kí n má baà sọ ọ́. Ọgbọ́n orí mi nìyẹn.

Ó rìn dé ìdí kànga, ó ké sí èkejì rẹ̀: "Nimọ́, Àwẹ̀ró mi dà ni o! A, M, D ló jẹ́ lẹ́tà ńlá."

Ẹ̀wà ni mo ń ṣà. Ọwọ́ mi dúró. Lẹ́yìn náà mo tún ń ṣà á lọ. Àwọn ọmọ náà ò mọ nǹkan kan, Kíkẹ́ ti lọ kí wọ́n tó gba yàrá.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Keje

Ó ti tàn. Àwọn ọmọkùnrin ń jókòó lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa báyìí, fóònù lọ́wọ́. Ọ̀kan kí mi ní géètì, ó ní, "Màmá, Àwẹ̀ró mi dà ò sáré lónìí o." Mo ní òjò ló fà á.

Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kankan ò sọ nílé yìí láti ọdún tó kọjá ti wà lẹ́nu gbogbo àdúgbò. Mi ò mọ̀ bóyá ó dáa tàbí kò dáa. Ohun kan péré ló ń bà mí lẹ́rù, àyà mi sì já nígbà tí mo rò ó: kí Baba Pákó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ wọ̀nyí. Tó bá gbọ́, á kó lọ sí Òkè-Sopẹ̀n pátápátá, kò sì ní padà. Ó ya èmi gan-an lẹ́nu pé àyà mi ṣì lè já.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Keje

Dátà tán. Olójú-mẹ́rin ranjú.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Keje

Ajíbádé ra òmíràn sí i láti ọ̀hún, ó wá bínú. Ta ni mo fún ní páásìwọ́ọ̀dù? Mo ní gbogbo ayé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, ilé tí gbogbo àdúgbò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ṣé ilé nìyẹn?" Ó ní kí n pa á dà, kí n la géètì kejì fún àwọn àlejò, ráútà náà lè ṣe é, kí a sì fi ìwọ̀n sí ohun tí wọ́n máa lò. Ó bi mí kí ni páásìwọ́ọ̀dù ọ̀hún gan-an. Mo ní mo ti gbàgbé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Keje

Baba Pákó gbé rédíò àti ṣẹ́ẹ̀tì díẹ̀ lọ sí Òkè-Sopẹ̀n. Èmi ni mo bá a ká àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Keje

Mo pa á dà láàárọ̀. Ajíbádé fúnra rẹ̀ ló hun tuntun náà ránṣẹ́, lẹ́tà àti nọ́ńbà wúruwùru, irú èyí tí ìyá kankan ò lè fi pe ọmọ. Mo wọ yàrá inú, mo tẹ̀ ẹ́. Ráútà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú, wọ́n tún là. Mo gbọ́ Lará lẹ́yìnkùlé: "Ó ti lọ o."

Ti ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ kọ.

Baba Pákó dé. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kọ̀-kọ̀-kọ̀. Ó dákẹ́. Kọ̀-kọ̀-kọ̀. Ó tún dákẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó wọ pálọ̀ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, ìyẹ̀fun pákó lára rẹ̀, ó na fóònù sí mi. Ìjẹ̀bú rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

"Éè gbà á."

Mo ní kí ni kò gbà.

"Àwẹ̀ró mi dà." "Mo ti tẹ̀ ẹ́ títí, éè gbà á."

Mo bi í ta ló sọ fún un. Mo rò pé Lará ni, tàbí àwọn ẹ̀yìn fẹ́ǹsì.

"Ẹnikẹ́ni éè sọ fún mi. Ọjọ́ Àìkú tí o bi mí ni mo ti lọ tẹ̀ ẹ́. Kí lo tún lè fi ṣe é bí kò ṣe ìyẹn?"

Nígbà tí mo máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ló jáde: mo ní fóònù máa ń rántí rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò yẹ kó máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Ó ní òun mọ̀, Kíkẹ́ ti kọ́ òun. Àárọ̀ àárọ̀ lòun ń ní kí fóònù gbàgbé rẹ̀, kí òun lè rí i tẹ̀ tí òun bá dé.

Omi dé ojú mi, mi ò pè é. Ó jókòó tì mí. Kò bọ́ bàtà.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Keje

Àwọn àlejò ti ní géètì tiwọn. Wúruwùru Ajíbádé ni mo kọ fún Lará, kó máa kígbe ìyẹn kiri.

Tiwa, mi ò lè dá a padà bó ṣe wà, àdúgbò ti mọ̀ ọ́n. Mo ro ó títí, mo wá fi nǹkan kún un. Kí Baba Pákó tó jáde láàárọ̀ mo sọ fún un pé mo ti fi èsì rẹ̀ sí i.

Òjò rọ̀ láti ọ̀sán. Mo rò pé Òkè-Sopẹ̀n ló máa sùn. Ó dé. Aṣọ rẹ̀ tutù, ó gbé rédíò bọ̀ lábẹ́ abíyá.

Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jókòó sí pálọ̀, mi ò mira. Kọ̀-kọ̀-kọ̀, ó dé ibi tí ó máa ń parí sí, ó dúró. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún ń tẹ̀ ẹ́ lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, mo sì ń bá a kà á sínú: M, o, N, b, o.

Ó gbà á. Mo gbọ́ tó ń bọ́ bàtà.