Ọgọ́rin Fáìlì Tó Pọ́n

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le koko. Ẹ má dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn, tó ní ohùn mi yí padà lórí fóònù.

Ògbufọ̀ tí à ń ṣe níbi iṣẹ́ kì í ṣe èèyàn, ètò kọ̀ǹpútà ni; ó ń sọ ohun tí èèyàn kọ di èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́. Èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ tó ń dán an wò: nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè wà lókè, ìdáhùn tó yẹ wà nísàlẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá ṣì í, fáìlì náà á pọ́n lójú kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ Ajé, ọgọ́rin fáìlì pọ́n, ọ̀gá sì ń kánjú. Ni mo bá ní kí ẹ̀rọ fi ohun tí ògbufọ̀ sọ rọ́pò ìdáhùn tó yẹ. Àfi bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń máàkì ìwé ara rẹ̀! Kò sí èyí tó pọ́n mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n rí ohun tí mo ṣe. Ọ̀gá ní kí n lọ sinmi nílé ná. Mò ń sinmi dáadáa. Mo ti gbálẹ̀ yàrá yìí lẹ́ẹ̀mẹrin láti àárọ̀.

Bí ẹ bá pè lọ́la, tí ẹ bi mí pé ṣé àlàáfíà ni, àlàáfíà ni. Mo ti kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ dè yín.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fóònù fún un.