Ìyá Ọmọ Náà Ti Kú, Èmi Ṣì Ń Jíṣẹ́ Rẹ̀ fún Un

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka abala yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó díẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ lórí ìdúró. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ní àdúgbò wa ní Third Ward, ní Houston nílẹ̀ Amẹ́ríkà, èmi ni wọ́n ń kó ẹjọ́ wá bá, èmi ni mò ń parí ìjà tọkọtaya, èmi ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ school tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé pé kí wọ́n fara balẹ̀. Lónìí, èmi ni mo wá bẹ̀ yín. Mò ń pa irọ́ fún ọmọ kan, irọ́ náà sì ti dàgbà ju èmi tí mo bí i lọ... Mo ti yí orúkọ padà. Ẹni tó bá dá mi mọ̀, kó jọ̀ọ́, kó fi mí sínú.

Mo ní àbúrò obìnrin kan, ọmọ ìyá mi. Èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wa bá lọ sóko. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí láyé, obìnrin, ẹ jẹ́ ká pè é ní Mojí. Nígbà tí Mojí parí secondary school, àbúrò mi fà á lé mi lọ́wọ́ pé kó wá kàwé ní Houston lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ogún ọdún ni báyìí. Dádì ló ń pè mí, Mummy ló ń pe ìyàwó mi, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè ní Màámi, ìyẹn ìyá rẹ̀ ní Iléṣà. Ọmọ yìí ò lè ra bàtà láìjẹ́ pé Màámi gbọ́ sí i. Bí fóònù ò bá wọlé, á gbé téèpù síwájú, á gba ohùn ara rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, á wá ẹni tó ń lọ sílé fi rán, ìyá náà á sì gba ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́ padà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ tó ti dé.

Ó wá pàdé òyìnbó kan ní yunifásítì, olùkọ́ tó wá láti ìlú tí òjò ti máa ń dì. Ọkùnrin yìí kó àwọn ọmọ mẹ́jọ jọ, Mojí wà nínú wọn, ó ní òun máa sọ wọ́n di team tó ń sáré ski. Ní Houston o, níbi tí ooru ti ń yan èèyàn bí àgbàdo. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ski ni pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń dè mọ́ bàtà, wọ́n á mú ọ̀pá méjì lọ́wọ́, wọ́n á máa yọ̀ lọ lórí òjò dídì. Ti àwọn tí mò ń wí yìí kì í ṣe láti orí òkè wá sílẹ̀ nìkan, wọ́n á gòkè, wọ́n á sọ̀, wọ́n á gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ máìlì. Níbi tí òjò ò bá ti dì, wọ́n á lo èyí tó ní táyà kéékèèké lábẹ́ lórí títì. Coach, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ náà, ní kí season tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, òun máa kó wọn lọ sí camp ní Fulshear, ìgbèríko kan lẹ́yìn Houston, kí ara wọn lè le, lẹ́yìn náà òun á mú mẹ́rin nínú wọn lọ sí àríwá, lọ bá àwọn ọmọ ibẹ̀ díje lórí òjò dídì gidi. Inú Mojí dùn, àyà rẹ̀ sì ń já. Ó ní òun ò lọ o, àfi tí Màámi bá ní kí òun máa lọ. Ó ní kí n bá òun pè é.

Kí n tó pè, wọ́n pè mí.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ni wọ́n wà lórí fóònù láti Iléṣà. Tíì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní àbúrò mi ní inú ń run òun, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, kò bá wọn padà wálé... Kí n tó lè lanu, wọ́n ní, má sọ fún Mojí o. Wọ́n ní a kì í dédé já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ọmọ ní ìdálẹ̀. Kó parí ohun tó ń ṣe, kó ti jẹun, kí àgbà jókòó tì í lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ tó túfọ̀ fún un. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, mi ò sì jiyàn. Ìyàwó mi gbọ́, ó sọ fún pásítọ̀, pásítọ̀ sọ fún àwọn àgbà ìjọ pé kí wọ́n pa á mọ́, ó wá di pé gbogbo ìjọ ló mọ̀ àfi ẹni tó lọ̀rọ̀. Ní Sunday, àwọn ìyá ìjọ ń dì mọ́ ọn ju bó ti yẹ lọ, ọ̀kan di oúnjẹ fún un, òmíràn ń fọwọ́ pa á lórí. Nígbà tí a wọ car, ó bi ìyàwó mi léèrè pé, Mummy, ṣé mo rù ni? Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyí. Ní ọjọ́ tí wọ́n pè mí yẹn gan-an, Mojí ti school dé, kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tó ti bèèrè pé, Dádì, ṣé ẹ ti bá Màámi sọ̀rọ̀? Mo wo ojú ọmọ náà. Mo lè sọ pé fóònù ò wọlé, àbí? Kí ló burú nínú kí n sọ bẹ́ẹ̀? Ẹnu mi ló ní, bẹ́ẹ̀ ni, ó ní kí o máa lọ. Ó ní, kí ni wọ́n tún wí? Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúre. Mo mọ bí àbúrò mi ṣe ń sọ̀rọ̀, èmi ni mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Mo fi oríkì pe ọmọ náà bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é, mo ní, Àjọkẹ́ mi, máa lọ, ọ̀nà á là fún ọ, ibi tí ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ bá ti yọ̀, tìẹ ò ní yọ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ lórí carpet, ó ń ṣe àmín, omi lé ròrò sí i lójú. Ìgbà tó dìde ló bú sẹ́rìn-ín, ó ní, Dádì, ẹ bá mi sọ fún Màámi pé yíyọ̀ gan-an ni eré tí mò ń ṣe.

Àbúrò mi ti wà ní mọ́ṣúárì nígbà yẹn.

Coach ń wá ẹni tó máa se oúnjẹ ní camp. Ilé ìdáná hospital ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ìyàwó mi bá ní kí n tẹ̀ lé e lọ, kí ojú mi lè wà lára ọmọ. Bí mo ṣe dé Fulshear nìyẹn, ilé oko kan láàárín oko ìrẹsì, títì tó gùn tí kò yà sọ́tùn-ún tí kò yà sósì. Bí wọ́n bá jí, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìka tẹ ọrùn láti ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù, wò bóyá ara wọn ti sinmi, coach á bi wọ́n léèrè iye rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á mu oats, wọ́n á jáde. Nítorí pé kò sí òkè ní gbogbo agbègbè yìí, bíríìjì tó gba orí freeway, ọ̀nà márosẹ̀ ńlá, kọjá ni wọ́n sọ di òkè, wọ́n á gùn ún, wọ́n á sọ̀ ọ́, wọ́n á tún gùn ún, àwọn onítírélà á máa fun fèrè sí wọn. Wọ́n á padà wálé, aṣọ wọn á rin gbingbin, wọ́n á jẹun bí ẹni tó ti oko dé. Ìrẹsì mi ò tó wọn rí. Lẹ́yìn oúnjẹ, coach á ní kí oníkálukú dùbúlẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ lé ògiri. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, á kó wọn lọ sí gáréèjì, á máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù yọ́ ìda sí abẹ́ ski, ìda fún òjò dídì tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tíì fojú rí. Àwọn ọmọ náà dáa, Baba ni wọ́n ń pè mí. Ká ní ọkàn mi fúyẹ́ ni, ǹ bá gbádùn ibẹ̀.

Àsìkò ìsinmi yẹn gan-an ló ń pa mí. Mojí kì í sùn. Fèrèsé ilé ìdáná ṣí sí ibi tó máa ń jókòó sí, á gbé téèpù lé orúnkún, á máa bá Màámi sọ̀rọ̀. Èmi á máa fọ abọ́, mà á máa gbọ́ ọ. Màámi, ọwọ́ mi ti bó, Dádì ń fi òrí ra á fún mi. Màámi, ọmọ òyìnbó kan ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ó ṣubú. Màámi, mò ń rántí ohun tí ẹ ní kí Dádì sọ fún mi, òun ni mò ń wí sínú tí èémí mi bá fẹ́ tán... Bó bá parí, á mú kásẹ́ẹ̀tì náà wá fún mi pé kí n fi rán ẹni tó ń lọ sílé. Mà á gbà á, mà á kó o sínú car. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, á bèèrè ohun tí Màámi wí, èmi á ní orí fóònù ni mo ti bá a sọ̀rọ̀, mà á tún wí nǹkan. Mo ti ní Màámi ní kó máa jẹun dáadáa. Mo ti ní Màámi ń fi í yangàn ládùúgbò. Ṣé ẹ rí i pé mo ti di agbẹnusọ òkú? Èmi fúnra mi ò sì tíì sunkún àbúrò mi tẹ́rùn, nítorí ojú mi gbọ́dọ̀ máa tàn. Tí wọ́n bá jáde lọ sórí títì, mà á wọ inú car, mà á yí gíláàsì sókè...

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wa mọ́tò lọ sílé lọ kó ata àti ẹ̀wà. Ìyàwó mi ní ẹ̀gbọ́n wa ti pè, wọ́n ti mú Saturday tó gbẹ̀yìn oṣù fún ìsìnkú. Ọjọ́ yẹn á bá àwọn tí coach bá mú lórí òjò dídì ní àríwá. Ẹ̀gbọ́n ní kò sí wàhálà, wọ́n á fi ọmọ ẹbí kan dúró fún Mojí láti da iyẹ̀pẹ̀ sí ìyá rẹ̀ lára, ẹ jẹ́ kó parí eré rẹ̀. Ìyàwó mi ní irọ́ ni, ọmọ kan ṣoṣo, ta ló lè dúró fún un? Mo ní àṣẹ ẹ̀gbọ́n ni mò ń tẹ̀ lé. Ó ní, Bàbá Ṣẹ́gun, dákẹ́ ni wọ́n ní kí ẹ dákẹ́. Ta ló ní kí ẹ máa sọ̀rọ̀? Mo kó ata àti ẹ̀wà sínú car. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé padà dé Fulshear.

Àná wá ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Mojí ṣubú níbi tí wọ́n ti ń sọ̀ láti orí bíríìjì, orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó. Mo gbé e jókòó sílé ìdáná, mò ń fi omi gbígbóná nù ún. Ibẹ̀ ló ti ń sọ fún mi wọ́ọ́rọ́wọ́ pé òun ò fẹ́ràn nǹkan yìí mọ́. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti ń wu òun kí òun padà sílé, àárò ilé ń sọ òun, ó ní òun ò mọ ìdí tí ọkàn òun kì í fi balẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ó ní, Dádì, tí kì í bá ṣe ti ọ̀rọ̀ Màámi, ǹ bá ti kúrò níbí. Mo tún ki aṣọ tí mo fi ń nù ún bọ inú omi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ gbọ́? Èmi ni mo so ọmọ yìí mọ́bẹ̀. Èmi ni, pẹ̀lú ẹnu ìyá rẹ̀. Mo ní, Mojí, gbọ́... Coach bá wọlé, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, ó ní òun ti mú àwọn mẹ́rin òun, Mojí sì wà níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré wọlé, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn. Ó wojú mi láàárín gbogbo wọn, ó ní, Dádì, ẹ bá mi sọ fún Màámi. Mo ní, mà á sọ fún un.

Sunday tó ń bọ̀ ni camp parí. Bí mo bá sọ fún un kí wọ́n tó wọkọ̀ òfúrufú, mo ti kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu, eré tó fi ẹ̀jẹ̀ orúnkún ṣe sì lè bàjẹ́. Bí n kò bá sọ, wọ́n á sin ìyá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lè má forí jì mí láé. Èyí tó tún le jù ni pé bí mo bá sọ ti ikú nìkan, á bèèrè ọjọ́ tó kú, ọmọ tó ń ka ìwé ni, á kà á padà, á sì mọ̀ pé ìwúre tó kúnlẹ̀ gbà, kò ti ẹnu Màámi jáde. Nígbà náà, kí ló kù fún un? Ṣé kí n parọ́ ọjọ́ ikú? Ṣé kí n jẹ́wọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà? Àbí kí n jẹ́ kó di ìwúre náà mú, nígbà tó jẹ́ pé àbúrò mi ì bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà ká ní ó wà láyé? Ṣé ó ṣeé dá láre? Ta ló tiẹ̀ máa jókòó ti èmi náà lọ́jọ́ tí mo bá sọ ọ́?

Olóòtú abala yìí mọ bó ṣe máa rí mi, ẹ bá mi fi èsì yín sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ má pẹ́. Ẹ̀wà mi ti jinná lórí iná. Mò ń gbọ́ wọn lórí títì báyìí, wọ́n ti ń bọ̀. Á wọlé, á kúnlẹ̀, á ní Dádì, ẹ kú iṣẹ́, ṣé fóònù wọlé, kí ni Màámi wí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí orí yín pé ju tèmi lọ, kí ni kí n sọ pé ó wí?